Iná Àrà Tí Bàbá Rẹ Kò Rí Fún Ọdún Méjìdínlógójì

Nagasawa, Akita,
Ọjọ́ Kejìdínlógún, Oṣù Kẹjọ.

Chizuru, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ tìfẹ́tìfẹ́. Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ ń lọ dáadáa? Ṣé ooru Osaka kò tíì yọ́ ọ bí òrí? Ara àwa méjèèjì dá ṣáṣá, kódà orúnkún mi ti fi mí sílẹ̀ kí n sinmi. Ohun tó jẹ́ kí n kọ lẹ́tà dípò kí n pè ọ́ ni pé ọ̀rọ̀ náà gùn, mi ò sì fẹ́ kí bàbá rẹ gbọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́.

O rántí pé oṣù kẹta ló fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ panápaná. Látìgbà náà ló ti ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tí ọkọ̀ já sílẹ̀. Tí mo bá bi í ní ìbéèrè mẹ́ta, ọ̀kan ló ń dáhùn. Lọ́jọ́ kan nínú oṣù kẹfà, bí a ṣe ń mu tíì, ó ṣàdédé ní, "Kinue, lọ́dún yìí, màá wo iná àrà." Mo ní iná àrà wo? Ó ní èyí tí wọ́n ń yìn sójú ọ̀run létí odò wa lọ́dọọdún. Ìgbà yẹn ló tó yé mi. Fún ọdún méjìdínlógójì tó fi ń ṣọ́ èrò níbẹ̀, ẹ̀yìn ló kọ sí i. Àwọn èèyàn ló ń wò, kí nǹkan kan má baà já lu ẹnikẹ́ni. Ìró rẹ̀ nìkan ló mọ̀!

Àfi bí odò ṣe kún àkúnya ní oṣù keje, tó gbá gbogbo etí rẹ̀ lọ. Wọ́n lẹ ìwé kiri pé kò ní sí iná àrà lọ́dún yìí. Bàbá rẹ ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì, ó wọlé lọ dùbúlẹ̀ láìjẹun ọ̀sán. Ọ̀rọ̀ náà ká mi lára. Mo tú ìwé ìròyìn wò, mo ka gbogbo ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ògiri ní ibùdókọ̀ ojú irin, mo pe ọ́fíìsì ìlú. Ọmọbìnrin tó gbé fóònù ní, "Màmá, ẹ gbìyànjú ti ìlú Iwamori. Tiwọn kéré o, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa tẹ̀ yín lẹ́sẹ̀ níbẹ̀."

A lọ lọ́jọ́ Sátidé. Mo di ìrẹsì roboto, mo gbé ẹní dání. A ò tíì jókòó tí òjò fi dé. Wọ́n kéde pé ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Nínú ọkọ̀ ojú irin, bàbá rẹ ń wo omi tó ń ṣàn lára fèrèsé, ó ní, "Iná yìí ń sá fún mi ni."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, Sugawara, aládùúgbò wa, yọ sí wa pẹ̀lú ọmọ ọmọ rẹ̀ obìnrin, Kotoha, ọmọ ọdún méje. Wọ́n mú páálí iná àrà kékeré wá, irú èyí tí wọ́n ń tàn nínú ọgbà. Bó o bá rí bàbá rẹ bó ṣe dìde! "Omi dà? Ẹ kọ́kọ́ pọn korobá kan kún. Ẹ wọ́n omi sí koríko gbígbẹ yẹn. Ẹ kọ ẹ̀yìn sí ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá. Ọ̀kọ̀ọ̀kan la ó máa tàn án. Kotoha, ká ọwọ́ aṣọ rẹ sókè. Èyí tó bá ti kú, inú omi ni." Sugawara ní, "Ọ̀gá, ṣé ká kọ̀wé gbàṣẹ ká tó ṣáná ni?"

Sugawara tó ń ṣe yẹ̀yẹ́ náà ló ṣi ẹsẹ̀ gbé. Ó tan ọ̀kan tí wọ́n ń gbé kalẹ̀, kò ràn, ló bá bẹ orí wò ó. Bàbá rẹ pariwo, "Sugawara! Gbórí kúrò!" Ó fa ọ̀rùn ẹ̀wù rẹ̀, àwọn méjèèjì ṣubú lulẹ̀, iná sì tú sókè gẹ́lẹ́ níbi tí ojú ọkùnrin náà wà. Sugawara fọwọ́ pa orí rẹ̀, ó ní, "Irun mẹ́ta tó ṣẹ́ kù sí mi lórí, ẹ̀yin lẹ ni ín báyìí." A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Bàbá rẹ náà rẹ́rìn-ín, Chizuru! Mo ti gbàgbé bí ẹ̀rín rẹ̀ ṣe ń dún.

A padà sí Iwamori lánàá. Ojú ọ̀run mọ́ kedere. Bí wọ́n ṣe yin àkọ́kọ́, bàbá rẹ fò dìde, ó kọ ẹ̀yìn sí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo èrò. Obìnrin kan tó wà lẹ́yìn wa ní, "Bàbá, ẹ jókòó o, ẹ ti dí wa lójú!" Ojú tì í, ó jókòó, ó sì gbójú sókè. Kò mira mọ́ títí ó fi parí. Ìrẹsì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò bù ú jẹ.

Bí a ṣe ń rìn lọ sí ibùdókọ̀, mo bi í pé báwo ló ṣe rí sí i. Ó ní, "Ó dára. Ṣùgbọ́n mo ti rí èyí tó dára jù ú lọ." Mo ní, "Níbo? Ìwọ tó o kọ ẹ̀yìn sí i?" Ó ní lọ́dọọdún lòun máa ń bẹ ọ̀gá wọn kí wọ́n fi òun síbi afárá, nítorí ibẹ̀ ni èmi àti ìwọ máa ń jókòó sí. Ó ní, "Ojú Chizuru ni mo ti ń wò ó. Á pupa, á di àwọ̀ ewé, ẹnu rẹ̀ á là sílẹ̀." Èmi ni mo máa ń nu omijé rẹ nígbà náà, tó o bá ń sunkún pé bàbá gbogbo ọmọ wà níbẹ̀ àfi tìẹ. Ó wà níbẹ̀, ọmọ mi. Ìwọ ló ń wò.

Kí ọ̀nà rẹ máa là. Kí o má ṣàìsàn, kí o má ṣòfò, kí ayọ̀ bá ọ délé lójoojúmọ́.

Èmi ni ìyá rẹ tó ń ṣàárò rẹ,
Kinue.

Mo tún rántí: iná àrà mìíràn wà ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù yìí, ní ìlú tó kọjá Iwamori. Bàbá rẹ ti gé ìkéde rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ fíríìjì. Mo kà á wò. Ó kọ "èèyàn mẹ́ta" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.