Ìbò Èèyàn Méjì ní Krutik

Ìletò Krutik,
Òdìkejì Odò Shidma,
Ìjọba Ìbílẹ̀ Shidmino,
Rọ́ṣíà.
9 Oṣù Kejìlá, 2019.

Faina, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Báwo ni Murmansk níbẹ̀ yẹn? Orúnkún rẹ ńkọ́? Nonna ọmọ rẹ àti ọkọ rẹ̀ ńkọ́, ṣé wọ́n ń se oúnjẹ gidi fún ọ, àbí ti inú agolo náà ni? Ẹ kú òtútù o, ẹ sì kú àìrí oòrùn. Ní tèmi, ara le, àgùntàn méjèèjì wà, olú oníyọ̀ sì kún inú àgbá. Ọkàn mi nìkan ni kò balẹ̀, Rimma ló sì fà á. Má rẹ́rìn-ín. O mọ̀ pé owú obìnrin yìí ti ń jẹ mí láti ilé ẹ̀kọ́, n kò sì ní fi bò fún ọ.

Ṣé o rántí ìgbà tí Krutik jẹ́ olórí gbogbo ìletò etí odò? Ọ̀dọ̀ wa ni ọ́fíìsì káńsù wà, àwọn ará Podlesnovo ló ń gun afárá wá gba òǹtẹ̀. Nígbà tí wọ́n pa káńsù wa pọ̀ mọ́ tiwọn, ohun gbogbo kọjá sí òdìkejì: nọ́ọ̀sì, ṣọ́ọ̀bù, bọ́ọ̀sì. Ẹnu ọ̀nà Rimma ní Podlesnovo gan-an ni ọ̀nà ọlọ́dà parí sí, àfi bí ẹni pé òun ni wọ́n là á fún. Wọ́n tún wá fi í jẹ olórí ìletò Podlesnovo. Wọ́n fún un ní káàdì ìdánimọ̀ olórí, pupa kan tó máa ń yọ síta kódà bó bá fẹ́ ra búrẹ́dì.

Lóṣù Kẹsàn-án, Veniamin aládùúgbò mi kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀, ó sì gbé orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé olùgbé Krutik lọ sí ọ̀hún. Ìwọ náà ti gbé tìrẹ lọ tipẹ́, n kò bá ọ jà. Ó wá ku èmi nìkan. Kò pẹ́ sígbà náà ni wọ́n pè wá sí ìpàdé ní gbọ̀ngàn Podlesnovo. Wọ́n ti tú àwọn káńsù kéékèèké ká, Shidmino tó jìnnà sí wa ní kìlómítà méjìdínlógójì ni yóò máa darí gbogbo wa. Artur Gennadyevich, ọ̀dọ́mọkùnrin òṣìṣẹ́ kan láti ibẹ̀, ló ka ìwé fún wa. Ó ní láti ìgbà òtútù yìí lọ, katapílà tó ń kó yìnyín kúrò lójú ọ̀nà kò ní dé ìletò tí orúkọ inú ìwé rẹ̀ kò bá pé méjì.

"Krutik, ẹnì kan," ló wí, ó sì fẹ́ ṣí ìwé sí ojú ewé mìíràn.

Mo dìde. "Ọmọ mi, ẹnì kan yẹn kì í jẹun ni? Bí àìsàn bá kì mí mọ́lẹ̀ lóṣù Kejì ńkọ́?"

"Ẹ má bínú, Màmá. Òfin ló wí bẹ́ẹ̀."

Rimma bá yí ọrùn padà láti ìjókòó iwájú, ó gé Glafira kúrú bó ṣe máa ń ṣe láti ilé ẹ̀kọ́. "Glasha, kó wá sọ́dọ̀ mi. Àyè àtisùn wà lórí ààrò ńlá mi tó ń mú ilé gbóná."

"Orí ààrò rẹ? Ṣé ológbò rẹ tó ń sùn níbẹ̀ ti kú ni?"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Èmi sunkún fún kìlómítà mẹ́rin títí mo fi délé. Ohùn jẹ́jẹ́ tó fi sọ ọ́ lójú gbogbo ayé dùn mí ju ọ̀rọ̀ katapílà lọ.

Mo kó àpò ìyẹ̀fun méjì pamọ́, mo la igi, mo ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru oṣù márùn-ún. Yìnyín rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kẹrin, mo gbúròó katapílà. Tolya tó ń wà á yọ orí síta.

"Màmá Glafira! Ẹ ti di méjì o!"

"Èmi àti ta ni?"

"Rimma Pavlovna. Ó ti gbé orúkọ rẹ̀ wá sí ilé ìyá ọkọ rẹ̀ ní Krutik níbí, èyí tí òrùlé rẹ̀ ti wó yẹn."

Faina, nítorí pé orúkọ olórí ìletò gbọ́dọ̀ wà ní ìletò tó ń jẹ olórí fún, ó dá káàdì pupa rẹ̀ padà. Nítorí tèmi! Ńṣe ni wọ́n ń yìn ín káàkiri. Wọ́n ní ẹni tó bá mọ inú rò ló mọ ọpẹ́ dá. Mo ro inú tèmi títí, owú nìkan ni mo bá níbẹ̀. Ó ti gba ọ̀nà, ó ti gba bọ́ọ̀sì, ó tún wá gba inú rere mọ́ ọn.

Ọ̀rọ̀ kò tán síbẹ̀. Bí a ṣe pé méjì yìí, a lè yan olórí tiwa. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, Artur gbé ìwé wá sí ilé ìdáná mi. Rimma gbé páì ẹja dání. Páì kábéèjì ni èmi ṣe. Ti Rimma ni Artur jẹ lẹ́ẹ̀mejì.

"Ta lẹ mú?" Artur béèrè.

"Glafira ni," Rimma dáhùn. "Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tó ti ń wù ú."

Òótọ́ ni, ìdí nìyẹn tó fi gún mi lọ́kàn. Bí mo bá gbà á, wọn yóò ní Rimma ló fi jíǹkí mi.

"Rimma ni èmi mú," mo wí.

"Glasha, má ṣe bí wèrè. Ìwọ lò ń gbé ibí."

"Orúkọ tìrẹ náà ń gbé ibí. Ṣé ìwọ nìkan lo mọ oore ṣe ni?"

Artur ní ká nawọ́ dìbò. Rimma nawọ́ fún mi, mo nawọ́ fún un. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló bi wá, kò sẹ́ni tó yẹ̀. Ó bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé Krutik kò ní olórí. Ohun tí mo ti ń fẹ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé ọ́fíìsì kúrò lọ́dọ̀ wa, ọwọ́ ara mi ni mo fi tì í dànù, kí ó má baà jẹ́ pé Rimma nìkan lèèyàn rere nínú ilé ìdáná mi. Ojú tì mí. Mo ní kí n tilẹ̀ rẹ́rìn-ín kí wọ́n má mọ̀ pé ó dùn mí. Kí n tó la ẹnu, Rimma ti rín tirẹ̀.

Bá mi kí Nonna àti ọkọ rẹ̀, sì bá mi fi epo gbígbóná pa orúnkún rẹ. Ọ̀nà ti là, Tolya ni yóò mú lẹ́tà yìí lọ. Mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ pé Rimma náà fi ọ̀kan rán an sí ọ. Bí méjèèjì bá jọ dé, jọ̀wọ́, tèmi ni kí o kọ́kọ́ ṣí.

Èmi tí mo ṣáájú Rimma bá ọ ṣọ̀rẹ́,
Glafira.