Orúkọ Tó Wà Lára Ilẹ̀kùn Màmá Eunice

Hephzibah ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà ní Norcross, ṣé iṣẹ́ ò pa ọ́ lára jù? Ọkọ rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Olúwa tó ń ṣọ́ yín lójú highway kò ní í tòògbé. Èmi náà ń gbádùn ìtọ́jú ní ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà ní Covington níbí, ìbàdí tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ti ń jinná, mo ti ń fi wọ́kà rìn dé ẹnu ọ̀nà.

Màmá kan wà ní yàrá tó kángun sí tèmi, Eunice ni wọ́n ń jẹ́. Lábẹ́ orúkọ wọn lára ilẹ̀kùn, wọ́n kọ "she/her" síbẹ̀. Mo rò pé orúkọ bàbá wọn ni, mo bá ń kí wọn láràárọ̀ pé Madam Shí-Hà, wọ́n á sì rẹ́rìn-ín títí wọ́n á fi máa wúkọ́. Àṣé bí wọ́n ṣe fẹ́ ká máa pe àwọn ni! Nọ́ọ̀sì ló ṣàlàyé fún mi pé ọkùnrin làwọn èèyàn pè wọ́n nígbà tí wọ́n bí wọn, ṣùgbọ́n obìnrin ni wọ́n mọ ara wọn sí, ó sì ti pẹ́. Mi ò tíì lóye rẹ̀ tán. Lédè tiwa, "ó" ni akọ, "ó" náà ni abo.

Wàhálà dé nígbà tí wọ́n ní kí Akínfẹ́mi, ọmọ Yorùbá tó ń wẹ̀ fún wa, máa tọ́jú wọn. Ọmọ dáadáa ni, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n "mister" ló ń pè wọ́n, ó ní ẹ̀rí ọkàn òun ò gba òmíràn. Màmá Eunice kọ̀, wọ́n ní kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan àwọn. Wọn ò wẹ̀, wọn ò jẹun, ẹ̀yìn wọn sì ti ń fẹ́ dégbò.

Mo pe Akínfẹ́mi. Mo ní bó o ṣe ń fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀ yìí, ṣé o kọ́kọ́ wádìí ìgbésí ayé mi? Ó ní rárá. Mo ní ẹni tó bọ́ra sí ìhòòhò níwájú rẹ kó o lè wẹ̀ fún un, ọ̀wọ̀ nìkan ló kù tó fi bora, ṣé wàá bọ́ ìyẹn náà ni? Ó gbé bésìnnì rẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ kejì mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wọn, jẹ́jẹ́, ó ní, "Good morning, ma. Can I come in?" Wọ́n ní kó wọlé. Lẹ́yìn náà, mo gbọ́ tí omi ń dà.

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, mo fẹ́ ra ìpara fún wọn, awọ ara wọn ti gbẹ. Lọ́jọ́ tí ìwọ náà bá darúgbó, ọwọ́ ẹni tó máa kanlẹ̀kùn kó tó wọlé ni wàá bọ́ sí.

Èmi ni ìyá rẹ,
Comfort