Mo Ń Gbé Kámẹ́rà Mi Bọ̀

Àkọ́bí mi,

Ọkàn mi ò balẹ̀ látìgbà tí àbúrò rẹ ti sọ fún mi pé àbẹ́là nìkan lẹ máa tàn sí gbọ̀ngàn lọ́jọ́ ìgbéyàwó yín. Èéfín àbẹ́là, pẹ̀lú àyà tìrẹ yìí! Ṣé oògùn tí o máa ń fín sẹ́nu ṣì wà lápò rẹ?

Àníyàn ò jẹ́ kí n rántí kí ẹ. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ìyàwó wa ńkọ́? Mo gbà á ládùúrà pé ara yín le. Èmi náà wà dáadáa, àfi orúnkún tó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lórí àtẹ̀gùn.

Ọ̀rọ̀ tí o sọ lórí fóònù ò tíì kúrò létí mi. O ní, "Màámi, ibẹ̀ máa ṣókùnkùn. Ẹ jókòó bí ìyá ọkọ, ẹ jẹ́ káwọn ọmọ tí mo háyà ya fọ́tò." Àbúrò rẹ náà dá sí i: "Kámẹ́rà tó tóbi bí àpótí bàtà, fọ́tò méjìlá péré ni fíìmù ẹ̀ ń yà!" Èsì mi rèé. Fọ́tò ìgbéyàwó ni mo ń yà tí mo fi tọ́ ẹ̀yin méjèèjì. Kò sẹ́ni tó máa sọ mí di àlejò níbi ìgbéyàwó ọmọ mi.

Mo ti lọ sí gbọ̀ngàn yẹn. Ọkùnrin tó ń tọ́jú ibẹ̀ wò mí lókè, ó wò mí nílẹ̀: "Ìyá, ṣé rédíò lẹ gbé wá ni?" Mo ní kó ti fèrèsé, kó tan àbẹ́là kan, kó jókòó tì í. Mo gbé kámẹ́rà lé igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó máa ń gbé e dúró, mo sì tẹrí wo inú rẹ̀ láti òkè. Nínú irú ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀, ojú kámẹ́rà gbọ́dọ̀ ṣí pẹ́. Béèyàn bá mira pẹ́nrẹ́n, ojú rẹ̀ á dà bí ọṣẹ tó yọ́. Fọ́tò àkọ́kọ́ bàjẹ́, torí ó ń fi mí rẹ́rìn-ín. Mo wá ní kó mí síta, kó dúró díẹ̀ kó tó mí sínú. Ibẹ̀ ni mo ti tẹ bọ́tìnì kámẹ́rà. Inú balùwẹ̀ mi ni mo ti fọ fíìmù náà, fọ́tò rẹ̀ ló wà nínú àpòòwé yìí. Wo irùngbọ̀n rẹ̀. Wo kọ́kọ́rọ́ ọwọ́ rẹ̀. Kí o wá tún sọ fún mi pé ibẹ̀ ṣókùnkùn.

Káwọn tí o háyà máa ya tiwọn, mi ò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ bá ń jẹ́ ẹ̀jẹ́ fún ara yín, èmi ni mo máa wà níwájú. Gbogbo ọkọ ìyàwó ni mo máa ń sọ fún pé kó mí síta. Mi ò ní sọ ọ́ fún ìwọ. Nígbà tí ikọ́ fée ń bá ẹ jà ní kékeré, etí mi ni mo máa ń fi lé àyà rẹ. Mo mọ ibi tí èémí rẹ ti ń dúró. Ta ló mọ̀ ọ́n nínú àwọn ọmọ yẹn?

Kí àyà má ṣe fún ẹ mọ́ láé. Kí ilé yín tòrò, kí ẹ̀rín pọ̀ níbẹ̀ ju ọ̀rọ̀ lọ.

Èmi ni,
Ìyá rẹ, onífọ́tò rẹ.

Àfikún: Aṣọ ìyá ọkọ tí ẹ fi ránṣẹ́ ti dé, ó rẹwà. Mo ti ní kí aránṣọ fi àpò ńlá méjì sí i fún fíìmù. Tètè kọ̀wé sí mi, kí o sọ apá ibi tí wàá dúró sí, ọ̀tún ni tàbí òsì. Mi ò béèrè bóyá kí n gbé kámẹ́rà wá o. Ibi tí mo máa gbé e kalẹ̀ sí ni mò ń béèrè.