Èpè Tí Mo Kọ̀ ní Fáṣítì Yín

Abúlé wa, lẹ́bàá ọ̀sà,
Àgbádárìgì.

Dosi ọmọ mi,

Mo kí ọ o, ọmọ tó tẹ̀lé ìbejì wá sáyé tí ilé ò sì dàrú. Ṣé dáadáa lo jí? Ṣé ara ò ro ọ́? Ṣé o ń jẹun gidi, àbí búrẹ́dì lásán lo ń fi omi tútù tì sọ́nà ọ̀fun? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ àwọn tó ń tukọ̀ lójú ọ̀sà yóò máa ṣọ́ ìwọ náà láàárín àwọn èèyàn tí a ò mọ̀. Àwa náà wà. Bàbá rẹ ń kí ọ, eyín rẹ̀ tó ń dùn ún ti yọ fúnra rẹ̀ níbi tó ti ń fi í já okùn àwọ̀n, inú rẹ̀ sì dùn pé òun ò náwó dókítà. Ewúrẹ́ dúdú bímọ méjì, ọ̀kan ń tiro. Òkun tún ti jẹ etí ilẹ̀ wọlé lọ́dọ̀ àǹtí rẹ, igi àgbọn ti wó sómi. Gbogbo ará ilé ló ní kí n kí ọ, n ò lè ka orúkọ wọn tán, kí bébà má baà tán mọ́ mi lọ́wọ́.

Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé ni pé o ò gbé fóònù mi. Mo kọ́kọ́ rò pé fóònù ló bàjẹ́, torí obìnrin kan wà nínú rẹ̀ tó máa ń dá mi lóhùn nígbàkigbà tí mo bá pè ọ́, òyìnbó ló ń sọ. Mo bẹ̀ ẹ́, mo ní kó jọ̀ọ́, kó bá mi pe Dosi, kó sọ fún un pé màmá rẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ kan náà ló ń tún sọ, kò tiẹ̀ kí mi. Ìgbà tí mo wá pe Hidayah, ọmọ tí ẹ jọ ń gbé yàrá, ló sọ fún mi pé ara rẹ le, ojú ló ń tì ọ́. Ó ní láti ọjọ́ tí mo bá ọ wá yẹn, o ò fẹ́ lọ kíláàsì mọ́, ò ń bẹ̀rù kí ẹnìkan má nawọ́ sí ọ pé ọmọ obìnrin yẹn rèé. Àyà mi já. Dosi, ṣé torí tèmi lo ṣe ń fi kíláàsì sílẹ̀?

Jẹ́ kí n ro ẹjọ́ tèmi, torí o ti sá jáde kí ọ̀rọ̀ tó parí.

Ìwọ náà mọ̀ pé láti àárọ̀ ọjọ́ yẹn ni ẹ̀rù ti ń bà mí. A dé Ìjanikin, mo rí géètì ńlá, mo ní kí dírẹ́bà já wa sílẹ̀, o ní kì í ṣe ibẹ̀, ilé ìwé àwọn tíṣà nìyẹn, tiyín ṣì wà níwájú. A wá dé tiyín, háà! Mo rò pé ilé ìwé là ń lọ, ìlú ni mo bá. Mo bi ọ́ pé ta ni ọba ibẹ̀, o ní kí n rọra sọ̀rọ̀. Mo yọjú wo kíláàsì kan, àwọn ọmọ kún inú rẹ̀ bí ẹja ṣáwá nínú agbọ̀n, àwọn kan dúró sójú fèrèsé, ọ̀kan ń jẹun, ọ̀kan ń sùn tí itọ́ ń já lẹ́nu rẹ̀, tíṣà sì ń sọ̀rọ̀ lọ, kò na ẹnikẹ́ni! Mo wo ọwọ́ rẹ̀, kò sí pàṣán. Mo wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, kò sí níbẹ̀ náà. Iná kan ń tàn sára ògiri, ògiri yẹn ló kọjú sí tó ń bá sọ̀rọ̀, nígbà tó bá ògiri sọ̀rọ̀ tán, ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ.

Ibi tí ẹ ti ń forúkọ sílẹ̀ tún wá dá kún un. Gbogbo èèyàn ń pariwo pé pọ́tà ti tì, pọ́tà ò ṣí. Mo ní kí ló dé tí wọn ò wá ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ, o ní inú ayélujára ni pọ́tà wà. Kó wà nínú kànga pàápàá, ẹnìkan ló tì í, ẹni náà ni yóò ṣí i. N ò tíì yí ọ̀rọ̀ mi padà. Hidayah wá ní òun ń bẹ Ọlọ́run kí òun má ní kárí-ófà. Mo bi í kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ó ní ẹrù ni, èèyàn máa ń gbé e láti ọdún kan bọ́ sí òmíràn. Mo ní kí ló le níbẹ̀, ṣé èmi kọ́ ni mo ń ru àgbọn láti etí òkun dé ọjà Agbálátà? Mo ti fi àkísà ká òṣùká méjì, wọ́n wà nínú àpò gàrí tí mo fi ìwé yìí sí, ìwọ mú ọ̀kan, fún Hidayah ní ọ̀kan.

Nígbà tí a wá wọ gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń kí àwọn ọmọ tuntun káàbọ̀, mo jókòó sáàárín ẹ̀yin méjèèjì, mo ní ọkàn mi á balẹ̀ wàyí. Obìnrin tí wọ́n ń pè ní Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyèrónkẹ́ bọ́ síwájú nínú aṣọ dúdú gbàgẹ̀rẹ̀, ó sọ òyìnbó, ó tún fi Yorùbá túmọ̀ rẹ̀ fún àwa òbí. Ó ní kí oníkálùkù wo ọ̀tún rẹ̀. Mo wò, Hidayah ni. Ó ní ká wo òsì. Mo wò, ìwọ ni. Ó ní nínú ẹ̀yin mẹ́ta tí ẹ jókòó yẹn, ẹnìkan ò ní bá wọn parí.

Dosi! Orí mi wú. Mo wò ọ́, mo wo Hidayah, mo ní èwo nínú yín? Bó bá jẹ́ èmi ni, kò burú, èmi ò kúkú bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sọ pé èmi ni. Ojú mi wá rí ohun tí kò rí rí, àwọn òbí yòókù ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún èpè! N ò mọ ìgbà tí mo dìde. Mo ní rárá o, kò ní ṣẹ, ọ̀tún á parí, òsì á parí, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ gan-an á parí iṣẹ́ rẹ̀ láyọ̀. Àwọn tó wà lẹ́yìn ní àmín, àwọn tó wà níwájú gbà á, gbọ̀ngàn mì tìtì. Mo yíjú kí n dì mọ́ ọ, àga rẹ ti ṣófo.

Ohun tí o ò mọ̀ ló kù yìí. Mo wá ọ títí, mo lọ jókòó sórí pèpéle kan lábẹ́ igi, ni wọ́n bá ní obìnrin kan ń wá mi. Mo rò pé ọlọ́pàá ni. Àṣé Ọ̀jọ̀gbọ́n náà ni, ó ti bọ́ aṣọ dúdú yẹn, ó mú omi tútù dání fún mi. Mo kúnlẹ̀ pé kó má bínú, ó fà mí dìde, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lórí pèpéle. Ó ní òun ò ṣépè, ohun tí òun ń rí lọ́dọọdún lòun sọ. Ó ní wọ́n á wọlé, wọ́n á pọ̀ rẹpẹtẹ, kí ọdún tó yípo, àwọn kan á ti dàwátì. Mo ní ṣé àìsàn ni, àbí ọpọlọ wọn ò pé? Ó ní rárá, pé ẹlòmíràn nínú wọn tiẹ̀ mọ̀wé ju àwọn tó kù lọ. Ó ní ojú ló ń tì wọ́n. Ẹ̀kọ́ ò yé wọn, wọn ò bèèrè. Wọ́n pa kíláàsì kan jẹ, ojú tì wọ́n láti wọ èkejì, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń yọ́ díẹ̀díẹ̀ bí iyọ̀ nínú omi, ẹnikẹ́ni ò ní fura.

Èpè ni mo mọ̀ ọ́n kọ̀, n ò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ìtìjú. Ìdí nìyí tí àyà mi fi já nígbà tí Hidayah sọ tìrẹ.

Mo ní kó wá kọ́ mi lóhun tí ọmọ tuntun á ṣe. Ó ní kí ọmọ máa jókòó níwájú, kó lọ wo ibi tí kíláàsì wà kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé, kó wá ẹni méjì tàbí mẹ́ta tí wọn á jọ máa kàwé, kó má gba àwọn tó ń sọ pé kò pọn dandan láti lọ kíláàsì gbọ́. Ó ní àwọn tíṣà ní àsìkò tí wọ́n ń ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ kí ọmọ wá bèèrè ohun tí kò yé e, pé wọ́n kàn máa ń dá jókòó ni, ẹnikẹ́ni kì í wá. Àánú wọn ṣe mí, jọ̀ọ́ máa lọ kí wọn, abèèrè kì í ṣìnà. Ó tún ní kí ọmọ má jẹ́ kí jí-pí rẹ̀ já wálẹ̀. N ò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá ti lè já, so ó mọ́ ìdí dáadáa.

Ó wá bi mí pé kí lorúkọ ọmọ mi. Mo rántí àga rẹ tó ṣófo. Mo ní n ò lọ́mọ níbẹ̀, ọmọ ará ilé wa ni mo sìn wá. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, kò sì bèèrè mọ́. Ó ní bí mo bá rí ọmọ ará ilé náà, kí n sọ fún un pé òkè kejì ni yàrá òun wà, ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé, inú òun á dùn láti rí i.

Bàbá rẹ gbọ́, ó fi Ègùn pariwo lé mi lórí, ó ní ṣé wọ́n máa ń sẹ́ ọmọ ni? Mo ní n ò sẹ́ ọ, mo fi ọ́ pamọ́ ni. Nítorí náà, yàtọ̀ sí Hidayah tó ti ṣèlérí pé òun ò ní tú u, ẹnikẹ́ni níbẹ̀ ò mọ̀ mí mọ́ ọ. Gbé orí sókè, wọ kíláàsì. Bí wọ́n bá ń fi obìnrin tó pariwo yẹn ṣẹ̀fẹ̀, bá wọn rẹ́rìn-ín, inú ò ní bí mi.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó, ṣé o mọ̀ pé ìwé ìyá sọ́mọ ò lè pé bí kò bá sí i níbẹ̀. Hidayah ní ò ń dirun fáwọn ẹgbẹ́ rẹ, ó ní ọwọ́ rẹ mọ́, ó dùn mọ́ mi nínú. Bó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn, fi díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra awò ojú, torí òru ti ń wọ inú lẹ́tà fún mi lọ́sàn-án gangan, mo sì fẹ́ máa fojú ara mi ka èsì rẹ. Bàbá rẹ ní kí o fi owó okùn àwọ̀n lé e. Má torí ìyẹn dirun lásìkò kíláàsì o.

Ọ̀nà rẹ ò ní dí. Ohun tí o bá kà yóò dúró sí ọ lórí. Àwọn tó máa ràn ọ́ lọ́wọ́ á mọ̀ ọ́n láìjẹ́ pé o pariwo. Bí o ṣe wọ ibẹ̀ lo ṣe máa jáde, pẹ̀lú ẹ̀rín, pẹ̀lú ara líle, lágbára Ọlọ́run.

Èmi ni, màmá rẹ nílé. Ní ti fáṣítì, ó dọjọ́ tí ìwọ fúnra rẹ bá sọ pé èmi ni.