Dísìkì Ìdí-Igi Méjì

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kọkànlá, 2025. Ọ̀sí.

Ìpàdé ẹbí. Bàbá kò tíì lo oṣù kan nínú sàréè, wọ́n ti ń pín ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Gómìnà — Yàhàyá nìyẹn, ọmọ ìyàálé, tó ń gbé Ìlọrin — ní òun á gbé kọ̀ǹpútà lọ, pé ọmọbìnrin á ṣáà lọ sílé ọkọ. Ọdún mẹ́fà ni mo fi jókòó ti Bàbá nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn. Èmi ni mò ń tẹ ìbéèrè ìdánwò fáwọn ilé ìwé àgbègbè yìí. Bí kọ̀ǹpútà bá lọ, ṣọ́ọ̀bù tì nìyẹn, èmi náà dèrò oko ẹ̀gẹ́.

Bàbá Sulaiman, àbúrò Bàbá, ní ìdí-igi la máa fi pín in: ìdí ìyàálé gba tiẹ̀, ìdí Màmá mi gba tiẹ̀. Gómìnà rẹ́rìn-ín. Ta ló ń la kọ̀ǹpútà sí méjì? Mo ní èmi ni. Kó mú dísìkì Bàbá lọ, pẹ̀lú Windows àti gbogbo iṣẹ́ tó wà lórí rẹ̀, kó tì í bọ inú kọ̀ǹpútà tiẹ̀ ní Ìlọrin. Kí ara kọ̀ǹpútà kù sí ṣọ́ọ̀bù. Màá ra dísìkì tèmi, màá fi Linux sí i dípò Windows — ọ̀fẹ́ ni, kọ̀ǹpútà arúgbó sì lè gbé e. Wọ́n gbà. Mo rò pé torí pé kò yé wọn ni.

Jímọ̀, 7.

Dísìkì mi ti dé láti Ìlọrin. Bàbá kọ́ mi dáadáa: tó o bá fẹ́ fi ètò tuntun sórí dísìkì kan, kọ́kọ́ yọ èkejì kúrò, kí wọ́n má bàa wọnú ara wọn. Mo ti ṣí ìdérí kọ̀ǹpútà tán kí ìyàálé tó wọlé. Ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní a kè é tú ẹrù òkú kó tó pé ogójì ọjọ́. Màmá mi náà ní kí n fi sílẹ̀, kí wọ́n má sọ pé òun ò kọ́ ọmọ òun.

Mo fi dísìkì Bàbá sílẹ̀ níbẹ̀. Mo fi Linux sórí tèmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Inú mi ò dùn sí i rárá.

Àbámẹ́ta, 8.

Ó ṣiṣẹ́. Bí mo bá tàn án, ó ń béèrè: tèmi ni àbí ti Bàbá? Tèmi ni mò ń mú.

Jímọ̀, 21.

Àná la ṣe àdúrà ogójì. Lónìí Gómìnà yọ dísìkì Bàbá fúnra rẹ̀, ó tì í bọ àpò jalabíà. Ó ní bí tèmi bá dákú, mo mọ nọ́ńbà òun. Mo ní n ò ní káàdì fóònù tí mo fi ń bẹ èèyàn. Màmá mi ṣẹ́jú sí mi pé kí n dákẹ́. N ò dákẹ́.

Àbámẹ́ta, 22.

Kọ̀ǹpútà ò jí. Dúdú kirimu. Tíṣà Májẹ́kódùnmí sì ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé wá gba ìbéèrè ìdánwò. Mo sunkún díẹ̀ — díẹ̀ ni o.

Nígbà tó yá ló yé mi. Ohun kékeré kan wà tó máa ń jí Linux dìde. Torí pé dísìkì méjèèjì jọ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, orí ti Bàbá ló lọ jókòó sí. Gómìnà ti gbé e lọ. Mo gbọ́ràn sí àgbà lẹ́nu, ohun tó fún mi nìyí.

Kí n pe Gómìnà? Láéláé. Mo fi fíláàṣì tí Linux wà lórí rẹ̀ jí kọ̀ǹpútà láti ìta, mo wá kọ ohun tó ń jí i náà sórí dísìkì tèmi. Ó kọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Kí wọ́n tó pe ìrun Àsárì, ó jí. Ìbéèrè kan ò sọnù.

Àìkú, 23.

Gómìnà pè. Tiẹ̀ náà ò jí! Ohun tó ń jí Linux tó jókòó sórí rẹ̀ ń wá ìyókù ara rẹ̀ tó kù sórí tèmi. Ó ní mo dè é, kí n wá sí Ìlọrin wá tú u. Mo ní ọ̀nà tó gbé e lọ náà ló máa gbé e padà.

Ìṣẹ́gun, 25.

Ìyàálé ò dáhùn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kí wọn.

Ọjọ́rú, 26.

Wọ́n dé, Gómìnà àti Bàbá Sulaiman. Mo yọ tèmi kúrò. Tiẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀ tí mo fi tún un ṣe, kò tó wákàtí kan. Mo lè so ó mọ́ tèmi kó máa wá bẹ̀ mí títí ayé. Mo ti ń rò ó láti ọjọ́ Àìkú, ó sì ń dùn mọ́ mi. N ò ṣe é. Iṣẹ́ Bàbá ló wà níbẹ̀.

Nígbà tí fọ́tò Bàbá yọ lójú kọ̀ǹpútà, ohùn Gómìnà rọlẹ̀. Ó ní kí n jẹ́ kí dísìkì náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi bíi ti tẹ́lẹ̀, kí n máa bá òun tọ́jú ẹ̀. Ulé kan náà kọ́ ni a? Bàbá Sulaiman náà ní bí a bá ní ká jẹ èkuru kó tán, a kì í gbọn ọwọ́ ẹ̀ sáwo.

Ojú Gómìnà pọ́n. Ó dùn mí, mi ò ní purọ́. Mo ní, ẹ̀gbọ́n, ìdí-igi lẹ gbà ká fi pín in, mo ti pín in. Ó máa jí láìsí mi. Tèmi náà á máa jí láìsí yín.

Mo wé dísìkì rẹ̀ sínú bébà, mo kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí i. Ó gbà á. Bàbá Sulaiman ní ọkàn mi le. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà.

Tíṣà Májẹ́kódùnmí ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìbéèrè kíláàsì kejì. Mo ní kí wọ́n wọlé.