Bíréèkì Tí Mo Tẹ̀ Nínú Bàálù

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ takuntakun o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi.

Ọkọ̀ akẹ́rù ni mò ń wà. Mi ò fọkàn tán ẹlòmíì nídìí sítíárìn, ká má wá sọ ti bàálù. Àmọ́ ọmọ wa bímọ sọ́nà jíjìn, ìyá ẹ̀ bá wọ́ mi wọ bàálù.

Bá a ṣe balẹ̀, eré yẹn pọ̀ jù! Mo bá fẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ gbọingbọin. Bàálù sì dúró. Ojú ẹsẹ̀ lẹ̀rù tán lára mi.

Àṣé ẹsẹ̀ ìyàwó mi ni mo tẹ̀. Ó ní òun ò tún ní bá mi wọ bàálù mọ́ láyé.

Ẹ̀yin olùgbọ́, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́. Bí mo bá dá wọ̀ ọ́ padà sílé, kí ni mo fẹ́ fi ṣe bíréèkì?