Dúpẹ́ Gbá Bọ́ọ̀lù Jáde Nínú Iyanrìn

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ìrọ̀lẹ́

Dúpẹ́ ọmọ mi ló ń bá mi kọ èyí. Kó má yọ ọ̀rọ̀ kankan kúrò níbẹ̀.

Láti ìgbà tí bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù rẹ̀ ti há sínú kòtò iyanrìn lójú àwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ̀ l'Ákùúrẹ́, ẹ̀rù ti ń bà á. Ó tilẹ̀ yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìdíje ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó wá sí Ọ̀wọ̀ lónìí, ó ń gbá bọ́ọ̀lù lórí iyanrìn ẹ̀yìnkùlé mi, orí bọ́ọ̀lù ni ọ̀pá rẹ̀ sì ń bà ṣáá.

Mo ní, "Ṣé bí mo ṣe kọ́ ẹ láti wa iṣu nìyẹn? Ta ló ń fi ọkọ́ kan iṣu? Erùpẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ là ń wà!"

"Màmá, gọ́ọ̀fù kì í ṣe oko o."

"Gbá iyanrìn, jàre!"

Ó gbá iyanrìn tó wà lẹ́yìn bọ́ọ̀lù. Háà! Iyanrìn gbé bọ́ọ̀lù fò, ó rọra balẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga mi. Mo fò dìde, mo gbàgbé orúnkún tó ń dùn mí. Ó gbá mẹ́fà sí i, gbogbo wọn ló jáde!

Ó ti pe àwọn tó ń ṣètò ìdíje náà pé kí wọ́n dá orúkọ òun padà. Mo ní màá bá a lọ. Ó ní wọn kì í pariwo níbi tí wọ́n ti ń gbá gọ́ọ̀fù.

Ẹnu ta ni wọ́n fẹ́ bò?